Ẹni Mímọ́ Joséphine Bakhita, ẹrúbìnrin tí ó rí Olúwa rẹ̀

Ní ìparí Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ tí ẹ ti ń kọ́ sórí láti ìgbà tí ẹ ti wọ ẹgbẹ́ àwọn katekúmẹ́nì, a máa ń sọ pé a ń retí àjíǹde àwọn òkú àti ìyè ti ayé tí ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn, ẹnu a sì máa yára sọ ọ́ kọjá, nítorí pé àdúrà ti fẹ́ parí. Síbẹ̀, òun ni ìbéèrè máa ń pọ̀ lé lórí jù lọ nínú ẹ̀kọ́ wa. Ẹnì kan á fẹ́ mọ ọjọ́ tí ayé yóò parí. Ẹlòmíràn á ní, bí Olúwa bá ń padà bọ̀ lóòótọ́, kí ni a tún ń roko sí, kí ni a ń rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé fún? Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun. Ó ti da àwọn Kristẹni Tẹsalóníkà láàmú títí tí àwọn kan nínú wọn fi pa iṣẹ́ tì, tí wọ́n ń jẹun lọ́rùn àwọn ará yòókù, tí Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì sì bá wọn wí gidigidi nínú ìwé kejì tí ó kọ sí wọn.

Ìtàn ayé obìnrin kan ni a ó fi dáhùn lónìí. Ọmọ Áfíríkà bí tiwa ni, aláwọ̀ dúdú. Ẹrú ni tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ó di katekúmẹ́nì, bí ẹ̀yin náà ti jẹ́ ní àkókò yìí. Póòpù Jean-Paul Kejì kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́ ní Róòmù ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 2000, ọdún tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọ tẹ́lẹ̀ pé ayé kò ní rékọjá rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1869 ni wọ́n bí i ní Olgossa, abúlé kan ní ilẹ̀ Darfur, ní apá ìwọ̀-oòrùn Sudan. Ẹ̀yà Daju ni àwọn ènìyàn rẹ̀, arákùnrin baálẹ̀ abúlé náà sì ni bàbá rẹ̀. Ilé tí ó kún fún ọmọ ni wọ́n ti tọ́ ọ, kò sì mọ ìyà títí di ọjọ́ tí àwọn akónilẹ́rú wọ abúlé tí wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lọ. Lẹ́yìn náà ó kàn án. Kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án lọ. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ń rìn kiri ní oko nígbà tí ọkùnrin méjì yọ sí wọn. Wọ́n fi ọgbọ́n rán èyí àgbà lọ sí iwájú, wọ́n sì fi ohun ìjà halẹ̀ mọ́ ọmọ kékeré náà pé bí ó bá ké, ó kú. Wọ́n fi ẹsẹ̀ lásán mú un rìn dé ìlú El-Obeid. Ọ̀nà náà súnmọ́ 1000 kìlómítà, ó jìn ju láti Kùtọnù dé Malanville lọ.

Ìbẹ̀rù náà pọ̀ dé ibi pé ó gbàgbé orúkọ rẹ̀. Kò rántí rẹ̀ mọ́ títí ó fi kú. Ẹ mọ ohun tí orúkọ jẹ́ ní ilé Yorùbá, bí ó ti ń sọ ipò tí ìdílé wà nígbà tí ọmọ dé, bí àwọn àgbà ti ń fi oyin àti iyọ̀ wúre sí i lára. Ọmọ yìí pàdánù gbogbo rẹ̀ lójú kan. Àwọn tí ó jí i gbé ni wọ́n sọ ọ́ ní Bakhita, tí ó túmọ̀ sí Olóríire ní èdè Lárúbáwá.

Ọwọ́ olówó kan ni ó ti ń bọ́ sí ọwọ́ òmíràn, ní ọjà El-Obeid àti ní Khartoum. Ó gbìyànjú nígbà kan láti sá lọ pẹ̀lú ọmọbìnrin mìíràn, ẹlòmíràn sì mú wọn, ó tún wọn tà. Ọmọ ọ̀kan nínú àwọn olówó rẹ̀ lù ú tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè dìde lórí ẹní fún ohun tí ó ju oṣù kan lọ. Ní ilé ọ̀gágun kan, ará Tọ́kì, wọ́n fi abẹ sín in ní ojú 114, ní àyà, ní ikùn àti ní apá, wọ́n sì fi iyọ̀ ra ojú ọgbẹ́ náà kí ó má baà jiná láìní àpá. Kì í ṣe ilà tí a ń kọ fún ọmọ kí a lè mọ ìdílé rẹ̀ ni mo ń sọ. Àmì ẹrù ọjà ni, bí ìgbà tí darandaran bá fi irin gbígbóná sàmì sí màlúù. Àwọn àpá náà wà lára rẹ̀ títí di ọjọ́ ikú rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ni a ń sọ. Ní ọdún 1886, nígbà tí ọmọbìnrin yìí ti kúrò ní Sudan, ni àwọn ọmọ ogun Glèlè, ọba Dànhòmẹ̀, fọ́ ìlú Kétu, tí wọ́n kó àwọn ará ibẹ̀ lẹ́rú lọ sí Abomey. Ọmọ Kétu tí ń ka ìwé yìí kò nílò kí a ṣàlàyé fún un ohun tí ó jẹ́ kí a jí ènìyàn gbé kúrò ní ilé bàbá rẹ̀.

Ní ọdún 1883, ará Ítálì kan tí ń jẹ́ Callisto Legnani, tí ó jẹ́ aṣojú ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ ní Khartoum, ra Bakhita. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti jí i gbé, kò sí ẹni tí ó nà án. Nígbà tí ogun Mahdi dé tí Legnani ní láti padà sí ilé, Bakhita bẹ̀ ẹ́ pé kí ó mú òun dání. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Suakin, wọ́n sì gúnlẹ̀ sí Genoa ní oṣù kẹrin ọdún 1885. Níbẹ̀ ni Legnani ti fi í fún ìdílé Michieli, tí wọ́n mú un lọ sí Zianigo, nítòsí ìlú Venice. Nígbà tí wọ́n bí ọmọbìnrin kan ní ilé náà ní ọdún 1886, Bakhita ni wọ́n fi ṣe olùtọ́jú rẹ̀. Mimmina ni wọ́n ń pe ọmọ náà, àwọn méjèèjì sì fẹ́ràn ara wọn.

Ẹnì kan wà ní ibẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ rántí orúkọ rẹ̀, nítorí pé àwọn olùkọ́ni kì í sábà mẹ́nu kàn án. Illuminato Checchini ni. Kì í ṣe àlùfáà. Ẹni tí ń bójú tó ilẹ̀ àti dúkìá ìdílé Michieli ni. Òun ni ó fún Bakhita ní àgbélébùú kékeré kan tí a fi fàdákà ṣe, ó sì bá a sọ̀rọ̀ nípa Jésù, Ọmọ Ọlọ́run, tí ó kú fún wa. Bakhita kò mọ ohun tí ó jẹ́. Ó fi í pamọ́, ó sì máa ń wò ó ní ìkọ̀kọ̀, nítorí pé kò tíì ní ohun kan tí ó jẹ́ tirẹ̀ rí láti ìgbà tí ó ti di ẹrú.

Ìdílé Michieli ra ilé àlejò ńlá kan ní Suakin, ìyàwó ilé sì ní láti bá ọkọ rẹ̀ lọ síbẹ̀. Ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 1888, wọ́n fi Mimmina àti Bakhita sọ́dọ̀ àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ti Canossa ní Venice, àwọn tí àwa níhìn-ín ì bá pè ní màsẹ̀ẹ̀rì. Ilé tí àwọn àgbàlagbà ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìrìbọmi ni ilé náà. Bẹ́ẹ̀ ni Bakhita ṣe di katekúmẹ́nì.

Láti kékeré, nígbà tí ó bá wo oòrùn, òṣùpá àti ìràwọ̀, a máa bi ara rẹ̀ léèrè ta ni ó ni gbogbo nǹkan ẹlẹ́wà wọ̀nyí, a sì máa wù ú láti rí ẹni náà, kí ó sì júbà fún un. Àwọn màsẹ̀ẹ̀rì wá sọ fún un ẹni tí ó jẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ó mú láti fi pe Ọlọ́run ni paron, tí ó jẹ́ pé ní èdè àwọn ará Venice, ọ̀gá tàbí olówó ẹni ni. Ẹ ronú sí i díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí àwa náà fi ń pe Ọlọ́run lójoojúmọ́, Olúwa, òun gan-an ni ẹrú ayé àtijọ́ fi ń pe ẹni tí ó rà á. Ó ti bọ́ sí ẹnu wa tó bẹ́ẹ̀ tí a kò gbọ́ ohun tí ó ń sọ mọ́. Bakhita gbọ́ ọ. Àwọn olúwa tí ó ti sìn rí nà án, wọ́n sì fi í pa owó. Olúwa tí wọ́n wá fi hàn án yìí, òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n nà, òun ni wọ́n tà ní ọgbọ̀n owó fàdákà. Ó mọ ohun tí ẹgba jẹ́. Ó tún mọ Bakhita, ó fẹ́ràn rẹ̀, ó sì ń dúró dè é ní ọwọ́ ọ̀tún Bàbá. Póòpù Benoît Kẹrìndínlógún, nígbà tí ó kọ lẹ́tà rẹ̀ lórí ìrètí, Spe salvi, ní ọdún 2007, obìnrin yìí ni ó kọ́kọ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó ṣàlàyé níbẹ̀ pé kì í ṣe ìrètí àtirí olówó tí kò rorò ni Bakhita ní mọ́. Ìrètí ńlá ni, pé ohunkóhun tí ó bá ṣẹlẹ̀ sí òun, ìfẹ́ kan wà tí ń retí òun ní ìkẹyìn.

Ní báyìí, ẹ wo ohun tí ìrètí náà kọ́kọ́ ṣe. Ìyàwó Michieli padà wá láti mú ọmọ rẹ̀ àti Bakhita lọ sí Suakin. Obìnrin tí kò tíì kọ ọ̀rọ̀ sí olówó kankan lẹ́nu rí dáhùn pé òun kò lọ, nítorí pé òun kò tíì gba ìrìbọmi. Ìyá Mimmina bẹ̀ ẹ́, ó bínú, ó ní aláìmoore ni. Ó dùn Bakhita púpọ̀, nítorí pé ó fẹ́ràn ọmọ náà bí ẹni pé òun ni ó bí i, ṣùgbọ́n kò yẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé iwájú Kádínà Agostini, Patriarch Venice, àti agbẹjọ́rò ọba. Ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá ọdún 1889 ni wọ́n pinnu pé òfin Ítálì kò mọ ẹrú, pé òmìnira ni Bakhita, kí ó ṣe bí ó ti wù ú. Ó yàn láti dúró.

Àwọn kan ń wàásù ayé tí ń bọ̀ bí ẹni pé kí tálákà lè dákẹ́ lábẹ́ ìyà ti ayé yìí ni Ọlọ́run ṣe ṣe ìlérí rẹ̀. Ìtàn yìí kò gbè wọ́n lẹ́yìn. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé ọmọ Ọlọ́run ni òun kò tún lè gbà kí a máa fi òun ṣe ẹrù, kò sì lè fi ọmọ ẹlòmíràn ṣe ẹrù. Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ àwọn vidomègon tí wọ́n wà ní àwọn ilé ní Porto-Novo àti ní Kùtọnù, àwọn ọmọbìnrin tí a gbà lọ́wọ́ òbí wọn ní abúlé pé a ó tọ́ wọn. Àṣà tí ó dára ni ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, kí ìbátan ran ìbátan lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n níbi púpọ̀ ó ti yí padà: ọmọ náà ni ó ń kọ́kọ́ jí, òun ni ó ń sùn kẹ́yìn, ó ń kiri ọjà nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní ilé-ìwé, bí owó bá sì dín, ẹgba ni. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wà ní ilé katekúmẹ́nì, kí onítọ̀hún tún ọ̀rọ̀ náà ṣe kí ọjọ́ ìrìbọmi tó dé. Láti ọdún 2015, ọjọ́ 8 oṣù kejì, tí í ṣe ọjọ́ àjọ̀dún Bakhita, ni Ìjọ ti yà sọ́tọ̀ láti gbàdúrà fún àwọn tí a ń fi ṣòwò.

Ní ọjọ́ 9 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1890, Kádínà Agostini rì í bọmi, ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú Ẹ̀mí Mímọ́, ó sì fún un ní Ara Kristi fún ìgbà àkọ́kọ́. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni Giuseppina Margherita Fortunata. Èyí tí ó kẹ́yìn nínú wọn, Fortunata, ìtumọ̀ Bakhita gan-an ni, Olóríire. Orúkọ tí àwọn jàgùdà fi ń fi í ṣe ẹlẹ́yà ni Ìjọ gbà, tí ó fọ̀ mọ́, tí ó sì dá padà fún un. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n máa ń rí i tí ó ń fẹnu ko ibi ìrìbọmi náà, nítorí pé níbẹ̀ ni ó ti di ọmọ Ọlọ́run.

Ó béèrè pé kí òun di ọ̀kan nínú àwọn màsẹ̀ẹ̀rì náà, wọ́n sì gbà á. Ọjọ́ 8 oṣù kejìlá ọdún 1896 ni ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1902 wọ́n rán an lọ sí ilé wọn ní Schio, ìlú kan ní àríwá Ítálì, ibẹ̀ ni ó sì lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọdún márùn-únlélógójì tí ó kù fún un.

Kí ni ó ṣe níbẹ̀? Ó se oúnjẹ. Ó rán aṣọ, ó ń ṣe ọnà sí aṣọ. Ó tọ́jú sakrístì. Nígbà tí ó dàgbà, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń ṣí ilẹ̀kùn. Ẹni tí ó bá ń wá iṣẹ́ ìyanu nínú àwọn ọdún wọ̀nyí, ọwọ́ rẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ní òwúrọ̀, nígbà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé bá ń wọlé, a máa gbé ọwọ́ lé orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì máa fọwọ́ pa wọ́n lára, wọ́n sì fẹ́ràn ohùn rẹ̀, nítorí pé ó ń sọ èdè wọn pẹ̀lú ohùn orin ilẹ̀ tirẹ̀. Ìyá wa dúdú ni àwọn ará ìlú ń pè é. Àwọn òtòṣì tí wọ́n wá kan ilẹ̀kùn náà ń rí ìtùnú gbà lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí a fi í ṣe nígbà tí ó jẹ́ ẹrú, kí ó dáná, kí ó ránṣọ, kí ó dúró de ìpè, òun náà ni ó ń ṣe lẹ́yìn tí ó di òmìnira. Iṣẹ́ kò yí padà. Olúwa rẹ̀ ni ó yí padà. Nítorí pé ó ń retí àtirí ojú Olúwa náà, kò sí ohun kékeré nínú ohun tí ó ń ṣe fún un. Èyí ni ìdáhùn sí ẹni tí ó bi wá léèrè ohun tí a tún ń roko sí.

Ní ọdún 1931, obìnrin kan tí ń jẹ́ Ida Zanolini tẹ ìwé jáde nípa ìgbésí ayé rẹ̀, òkìkí rẹ̀ sì kàn. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ rẹ̀ mú un káàkiri Ítálì láti sọ̀rọ̀ fún àwọn ènìyàn, kí wọ́n lè ran àwọn míṣọ́nnárì lọ́wọ́. Ogunlọ́gọ̀ ń wá, púpọ̀ nínú wọn sì wá láti wo aláwọ̀ dúdú ju láti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Kò rọrùn fún un, ẹni tí ó nífẹ̀ẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ó lọ, nítorí pé wọ́n rán an. Ní tèmi, ẹnu ọ̀nà ní Schio ni mo ti rí i dáadáa.

Ó kù ohun kan tí ó ṣòro, n kò sì fẹ́ fò ó. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè ohun tí yóò ṣe bí ó bá tún pàdé àwọn tí ó jí i gbé àti àwọn tí ó dá a lóró, ó ní òun yóò kúnlẹ̀, òun yóò sì fẹnu ko ọwọ́ wọn, nítorí pé bí kò bá sí ti wọn, òun kì bá tí di Kristẹni. Àwọn kan á gbọ́ èyí, wọ́n á ní ó ń pe ibi ní ire. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ka ọgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn tí ó kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́, kò sì sọ pé kò dun òun. Ṣùgbọ́n ó gbàgbọ́ pé Kristi yóò padà wá ṣe ìdájọ́ alààyè àti òkú. Nítorí náà ẹjọ́ náà kò sí ní ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ó ti gbé e lé Onídàájọ́ tí kò gba rìbá, tí ó sì rí ohun gbogbo. Ẹni tí kò bá retí ìdájọ́ yẹn, ó di dandan fún un láti gbẹ̀san nísinsin yìí, tàbí kí ó máa jẹ ìbínú rẹ̀ mọ́ra títí ayé. Ó gbàdúrà fún àwọn tí ó fi í ṣe ẹrú, ó ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n má mọ bí ibi tí àwọn ń ṣe ti pọ̀ tó.

Nígbà ogun àgbáyé kejì, bọ́ǹbù bọ́ sí Schio. Àwọn ará ìlú ń wí pé níwọ̀n ìgbà tí Ìyá Dúdú bá wà láàárín wọn, ọkàn wọn balẹ̀. Ara rẹ̀ ni kò balẹ̀. Àìsàn gígùn dé bá a, ó di ẹni tí a ń fi kẹ̀kẹ́ tì kiri. Bí wọ́n bá béèrè àlàáfíà rẹ̀, èsì rẹ̀ ni pé bí Olúwa ti fẹ́ ni. Ó máa ń sọ pé òun ti ń lọ díẹ̀díẹ̀ sí ayérayé pẹ̀lú ẹrù méjì: ọ̀kan kún fún ẹ̀ṣẹ̀ òun, èkejì, tí ó wúwo jù ú lọ fíìfíì, kún fún ìtóye Jésù Kristi; bí òun bá dé iwájú Ọlọ́run, òun yóò fi èkejì bo èkíní mọ́lẹ̀.

Ní àwọn ọjọ́ tí ó kẹ́yìn, ibà mú ọkàn rẹ̀ padà sí ojú ọ̀nà El-Obeid. Ó ń bẹ ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ pé kí ó bá òun tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ náà díẹ̀, pé ó wúwo. Lẹ́yìn náà ara rẹ̀ rọ̀, ó pe orúkọ Màríà Ìyá wa, ó sì rẹ́rìn-ín. Alẹ́ ọjọ́ 8 oṣù kejì ọdún 1947 ni ó kú. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, àwọn ará Schio ti kún ẹnu ọ̀nà tí ó ti ń ṣí fún wọn.